Ta Ló Gba Bàbá Yín Ní Èbúté?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá ibi kan jókòó sí, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti pẹ́ nínú mi. Àwọn kan lára yín ti rí fídíò èmi àti bàbá kan tó wọ agbádá, tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ti bú mi lábẹ́ fídíò yẹn. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú mi ni kì í jẹ́ kí ẹbí tòrò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n fídíò yẹn ò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi tọ́rọ̀ ṣojú mi ni n ó sọ ọ́ fún yín.

Mùlíkátù lorúkọ mi. Àǹtí Mùlí ni wọ́n ń pè mí ní Àjàh. Kánópì, àga, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni mo ń háyà fún àwọn tó bá fẹ́ ṣe nǹkan. Abúlé wa gan-an wà lẹ́yìn Àjàh, létí ọ̀sà, níbi tí odò kékeré kan ti ń wọnú ọ̀sà. Odò Aró la ń pè é, torí omi rẹ̀ dúdú bí aró, orúkọ kan náà sì ni abúlé wa ń jẹ́. Tí ẹ bá sì bù ú sínú igbá, ó mọ́ gaara. Bó ṣe wà nígbà tí mo wà ní kékeré nìyẹn o, mi ò sọ ti ìsinsìnyí.

Tí ẹ bá dé abúlé wa, ẹ ó rí i pé gbogbo ilé àtijọ́ ló kọ ẹ̀yìn sí títì. Àwọn tó ń gbé ẹ́sítéètì máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní irú bíríkìlà wo ló kọ́ ilé báyìí. Wọn ò mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé yẹn, títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ò tíì sí. Odò ni títì. Odò ni ilé kọjú sí.

Bàbá mi, Làmídì, ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn. Abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ létí odò ni mo ti gbọ́ gbogbo ìtàn tí mo mọ̀. Bó bá ń fá pákó, á máa sọ̀rọ̀. Ó ní odò yìí ni wọ́n gbà gbé iyọ̀, àgbọn, ẹní àti ẹja yíyan lọ sí Èkó, lọ sí ọjà Èjìnrìn. Odò ni ìyàwó tuntun gbà wọlé. Odò ni pákó mọ́sáláṣí wa àkọ́kọ́ gbà dé. Ẹni tó sá ogun, ẹni tó tẹ̀lé ẹja, ẹni tí wọ́n lé nílé bàbá rẹ̀, gbogbo wọn, ibi kan náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí.

Àṣà kan sì wà níbẹ̀. Àlejò ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ títí ẹnì kan nínú abúlé á fi bu omi odò fún un mu. Ẹni tó bá fún ẹ lómi ló gbà ẹ́. Òun ló máa fi ibi tí wàá kọ́ ahéré sí hàn ẹ́, òun náà ló sì máa dúró fún ẹ tí wọ́n bá ń bi ẹ́ pé ta ni ẹ́. Tí wọn ò bá fún ẹ lómi, kí o máa wa ọkọ̀ rẹ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ká máa bọ̀.

Olórí ẹbí wa ni Àlàájì Kásúmù. Ilé tiwọn àti ilé tiwa ti fẹ́ra títí tí kò sẹ́ni tó lè ya wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n ni bàbá mi ń pè é. Àlàájì yìí ló ta etí odò fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ́sítéètì. Níbi ìpàdé tí wọ́n ti fẹ́ fọwọ́ sí i, gbogbo èèyàn ló dákẹ́, àfi bàbá mi. Ó dìde, ó ní ẹnu ọ̀nà gbogbo abúlé ni èbúté, kì í ṣe ti ẹnì kan, òun ò fọwọ́ sí i. Ó sì jókòó. Kò bú ẹnikẹ́ni.

Wọ́n tà á náà. Ọkọ̀ iyanrìn ń já iyanrìn lójoojúmọ́ títí ẹnu odò fi di tóóró. Katapílà wó àtíbàbà bàbá mi, ó sì wó ọkọ̀ tó ń kàn lọ́wọ́ mọ́ ọn. Látọjọ́ yẹn, bàbá mi ò kan ọkọ̀ mọ́. Á jókòó sí ìta, á máa wo ògiri ẹ́sítéètì níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀. Àìsàn wá dé, kò sì pẹ́ rárá. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ kan, ó ní kí ìyá mi bá òun gbé omi wá. Kí ìyá mi tó dé, ó ti kú.

Mùsùlùmí ni wá. Ẹ mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ti gbé ṣọ́bìrì, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn mọ́sáláṣí, níbi tí bàbá rẹ̀ àti bàbá-bàbá rẹ̀ wà, nígbà tí Àlàájì ránṣẹ́ pé kí wọ́n dúró.

A lọ bá a nílé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mu tíì. Ìyá mi kúnlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. Bàbá Lémọ́mù, tó ń kírun fún wa ní mọ́sáláṣí tó sì dàgbà ju Àlàájì lọ, ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wojú Ọlọ́run. Àlàájì gbé ife sílẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀ o, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

Ó ní, “Ilẹ̀ yẹn, ti àwa ọmọ onílẹ̀ ni. Ẹ̀yin, omi ló gbé yín wá. Ẹ gbé e padà síbi tí omi ti gbé yín bọ̀.”

Ìyá mi ò dìde fún ìgbà pípẹ́. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́.

A gbé bàbá mi sínú bọ́ọ̀sì tí a háyà. Itẹ́ òkú tó jìnnà sí wa, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, la sin ín sí. Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Gbogbo èèyàn ń ṣe àdúrà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún yín, àdúrà kọ́ lèmi ń ṣe. Orúkọ Kásúmù ni mo ń pè nínú mi. Mo ní, ìwọ náà á dé ibi kan tí wàá ti nílò kí ẹnì kan gbà ẹ́, ojú mi ló sì máa ṣe.

Mo kó ìyá mi wá sọ́dọ̀ mi ní Àjàh. Ó ń jẹun, ó ń kírun, ó ń bá mi to àga. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ abúlé yẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Tí èèyàn bá wá kí wa, tí wọ́n ní kó fi gbogbo rẹ̀ fún Ọlọ́run, á kàn máa wo ilẹ̀.

Èmi náà dákẹ́. Ṣé ẹ rò pé mo ti gbàgbé ni? Mo ń dúró ni.

Ọ̀gá Sọ́jì ló kọ́kọ́ fún mi lóhun tí mo ń wá, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀. Ó ń wa ọkọ̀ ojú omi káàkiri ọ̀sà. Ìjọ aláṣọ funfun tó wà létí omi ló ń lọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ti máa ń háyà kánópì tí wọ́n bá ń ṣe ìkórè. Lọ́jọ́ kan tó wá dá àga padà, ó bi mí pé ṣé ọmọ Odò Aró kọ́ ni mí. Mo ní òun ni. Ó ní ìyá arúgbó kan wà ní òdìkejì ọ̀sà, pé gbogbo ìgbà tí òun bá gúnlẹ̀ síbẹ̀ ni ìyá náà máa ń bi òun pé ṣé èèyàn ṣì kù ní Odò Aró. Mo béèrè orúkọ ìyá náà. Ó ní Màmá Sàláwà.

Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo dá orúkọ náà fún ìyá mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ ìsìnkú, ó gbé ojú sókè. Ó ní, àbúrò bàbá Kásúmù ni. Ó ní wọ́n ti fi í fọ́kọ ní òdìkejì kí wọ́n tó gbé òun wá sílé bàbá mi, òun rò pé ó ti kú ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ Ọ̀gá Sọ́jì.

Màmá Sàláwà kéré bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì já geere, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé. Mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ka àwọn bàbá mi lọ sẹ́yìn, títí ó fi dé orí Dáwódù, bàbá tó bí bàbá-bàbá mi. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, ṣé o mọ̀ pé ilé yín ló gba bàbá mi ní èbúté?

Mi ò mọ̀. Bàbá mi ò sọ ọ́ fún mi rí. Bóyá ó mọ̀ ọ́n, bóyá kò mọ̀ ọ́n. Bó bá sì mọ̀ ọ́n, irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn, kò ní fi bú Àlàájì.

Màmá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún un, n ó sì sọ ọ́ fún yín tó bá yá. Lẹ́yìn náà ni mo sọ tèmi. Mo sọ ti bàbá mi, mo sọ ohun tí Àlàájì wí nígbà tó ń mu tíì lọ́wọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun, bàbá Kásúmù, kú, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí òun. Ó ní ẹnu apẹja lòun ti gbọ́. Ó wá bi mí:

“Ṣé Kásúmù mọ̀ pé mo ṣì wà láyé?”

Mo ní rárá, mi ò rò pé ó mọ̀.

Ó ní, “Má sọ fún un.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè mí ní ìkà, ṣé ẹ rí i pé èmi nìkan kọ́?

Kò pẹ́ sígbà náà ni Baálé wa tó ti darúgbó kú. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Àlàájì Kásúmù ló kàn. Ó ti ra àga oyè sílé kó tó di pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ rárá. Mo ní, ó yá, àsìkò tó.

Mo wọ aṣọ tó mọ níwọ̀n, mo lọ kúnlẹ̀ fún un níwájú ilé rẹ̀, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí mi. Mo ní kó dárí jì mí bí mo bá ti ṣe gbúngbún sí i, pé ọmọ ò lè máa bá bàbá rẹ̀ ṣọ̀tá, pé kánópì, àga, màíkì, gbogbo ohun tí wọ́n máa lò lọ́jọ́ ìwúyè, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ mi. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi gùn. Mo ń ṣe àmín, eyín mi ń dún. Sẹ́kínà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí a jọ dàgbà, dì mọ́ mi, ó ń sunkún ayọ̀. Ìyẹn nìkan ló gún mi díẹ̀. Mo gbé e mì.

Bí mo ṣe ń dìde ni mo wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan. Mo ní àṣà kan wà láyé ọjọ́un, pé tí wọ́n bá fẹ́ jẹ Baálé, wọn á gbé e sínú ọkọ̀, wọn á wà á jáde sí ojú ọ̀sà, á wá máa bọ̀ bí àlejò. Ẹni tó dàgbà jù tí wọ́n bí sí abúlé á dúró sí etí odò, á bi í pé ta ló gba bàbá yín ní èbúté. Á dáhùn. Ọmọ ilé tó gbà wọ́n á wá bu omi fún un, á mu ún, á sì sọ̀ kalẹ̀ ní Baálé. Mo ní wọn ò ṣe é fún Baálé tó kú yẹn, mo ní ó máa rẹwà gan-an nínú fídíò, pé kò sí abúlé kankan láti Ìkàtẹ́ dé Àjàh tó tún ń ṣe irú ẹ̀.

Ojú rẹ̀ tàn. Ó bi mí pé kí ni èèyàn máa ń fi dáhùn. Mo ní ohun tí ẹ bá mọ̀ ni o, Àlàájì. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “A ò bá ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ló gbà wá.” Ó tún un sọ. Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo ní ó dùn, Àlàájì. Mo bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ ìwúyè, gbogbo kánópì ni mo kọ ojú rẹ̀ sí omi. Ìwọ̀nba èbúté tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí ò tóbi, ṣùgbọ́n a fún ara wa mọ́ ọn. Àwọn èèyàn ńlá ti Oníru wá, ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ Àlàájì, gbogbo wọn di fóònù mú. Èmi fúnra mi ni mo fi màíkì kékeré há ọrùn agbádá Àlàájì kó tó wọ ọkọ̀. Mo ní kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ìdáhùn yín, sà.

Ìyá mi wá. Mi ò sọ fún un pé kó wá. Ó wọ léèsì àlà tí bàbá mi rà fún un nígbà tó ti Mẹ́kà dé, ó ní kí n gbé àga òun sí iwájú pátápátá. Mo gbé e síbẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò ó, kò wo ẹnì kankan.

Àwọn ọ̀dọ́ fi ọkọ̀ gbé Àlàájì jáde dé ojú ọ̀sà, wọ́n sì yí ọkọ̀ padà. Nígbà tí ọkọ̀ wọn ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni Ọ̀gá Sọ́jì gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó gbé Màmá Sàláwà sọ́wọ́, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fi omi odò bọ́jú.

Bàbá Lémọ́mù ló di màíkì mú, nítorí òun la gbà pé ó dàgbà jù. Ó wo ìyá yẹn, ó tún un wò. Ó ní, “Sàláwà?” Ó ṣí fìlà. Ó wá sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹni tó ju òun lọ ti dé, òun ò lè dúró níwájú rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbé màíkì fún un.

Àlàájì ò tíì mọ ẹni tó jẹ́. Oòrùn wà lójú rẹ̀, ó sì jìnnà díẹ̀.

Màmá ní, “Ta ló ń bọ̀?”

“Èmi Kásúmù, ọmọ Sùbérù.”

“Ta ló gba bàbá yín ní èbúté?”

“A ò bá ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ló gbà wá.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ará Oníru ló pàtẹ́wọ́ jù. Màmá dúró kí ariwo lọ sílẹ̀. Ó ní, “Kásúmù, èmi Sàláwà ni. Èmi ni mo pọ̀n ẹ́ kí n tó lọ ilé ọkọ. Bàbá mi lo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn. Ta ló gbà á?”

Gbogbo wa gbọ́ bí Àlàájì ṣe mí sínú màíkì. A sì gbọ́ ọ nígbà tó rọra bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń wà á pé ta ló lọ gbé obìnrin yìí wá. Sípíkà mi gbé e dé títì. Ó ké pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ọmọọṣẹ́ mi wò mí. Mo mi orí pé rárá.

Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́. Ó ní bàbá òun, Sánúsí, wá láti etí omi Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ìgbóná lára, ṣànpọ̀nná. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sá. Kò lè di àjẹ̀ mú mọ́, omi ló kàn ń gbé e kiri. Gbogbo èbúté tó bá yà sí ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ rẹ̀ padà sí ojú omi. Nígbà tó dé Odò Aró, wọ́n fẹ́ tì í padà náà. Dáwódù ni kò gbà. Dáwódù wọ omi dé àyà, ó bu omi sí i lẹ́nu. Ó kọ́ ahéré fún un sí etí odò lọ́tọ̀, ó ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Ibi tí ó fún un pé kó máa gbé, òun ni ibi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kásúmù wà lónìí.

Màmá ní, “Kò sẹ́nì kankan níbí yìí tí kì í ṣe omi ló gbé e wá. Dáwódù náà, omi ló gbé e wá, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó gbà á. Ṣùgbọ́n bàbá mi kú, ó ń dárúkọ ilé yẹn. Ìwọ lé òkú ọmọ wọn lọ. Kásúmù, ta ló gba bàbá mi?”

Àlàájì ní kí àwọn ọ̀dọ́ wa ọkọ̀ òun gúnlẹ̀. Wọ́n gbé àjẹ̀ lé itan. Bàbá mi ló kọ́ méjì nínú wọn níṣẹ́. Ó jókòó sáàárín omi nínú oòrùn, òógùn ń gba inú fìlà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀sà ni, iwájú àwa. Ibo ló fẹ́ gbà?

Ó wá sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ò dún ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ, àmọ́ màíkì gbé e. Ó ní, “Ilé Dáwódù ni.”

Bàbá Lémọ́mù mí kanlẹ̀. Ó ní al-hamdulilaahi, ó ti tán, kí ọmọ ilé Dáwódù bu omi wá, kí a gbà á wọlé. Ẹ sì mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ilé Dáwódù. Mo bọ́ bàtà, mo wọ inú odò, mo bu omi sí igbá. Àwọn ọ̀dọ́ wa ọkọ̀ sún mọ́ mi. Mo wá wà níwájú rẹ̀, bí ẹni pé kí n nawọ́ kàn án ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti gba igbá.

Kí n sọ òtítọ́ fún yín: mi ò tíì mọ ohun tí mo máa ṣe. Ohun tí mo rò ni pé tó bá ti dárúkọ ilé wa lójú gbogbo ayé, ó máa tó mi. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ̀ yẹn, mo rí ife tíì.

Bàbá Lémọ́mù ń bẹ̀ mí látẹ̀yìn, ó ń pè mí ní ọmọ dáadáa. Sẹ́kínà ń pe orúkọ mi. Mo yíjú wo ìyá mi. Ó dìde lórí àga rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní:

“Mùlí, dà á nù.”

Mo dà á nù. Mo rọra dà á, kí gbogbo rẹ̀ lè tán lójú rẹ̀. Mo sì dojú igbá délẹ̀.

Ohun tí ẹ rí nínú fídíò nìyẹn.

Wọn ò lè fi í jẹ Baálé lọ́jọ́ náà, òun náà ò sì lè sọ̀ kalẹ̀ síwájú wa. Àwọn ọ̀dọ́ wà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́sítéètì tó ta ilẹ̀ fún, ibẹ̀ ló ti gun àtẹ̀gùn símẹ́ǹtì lọ, agbádá rẹ̀ ń wọ́ nínú omi. Àwọn àgbà ṣe ìpàdé lẹ́yìn náà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ oyè di ọjọ́ mìíràn. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sí Baálé. Àlàájì ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Oníru. Màmá Sàláwà sì padà sí òdìkejì ọ̀sà. Ó ní kí n máa mú ẹja wá tí mo bá ń bọ̀, mo sì ń mú un lọ.

Ṣé ó dùn mọ́ mi? Ó dùn mọ́ mi. Mo sùn lọ́jọ́ yẹn bí ọmọ ọwọ́. Ìyá mi ń sọ̀rọ̀ nílé báyìí, ó ń bá oníbàárà jà lórí àga tí wọ́n ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Mi ò ní í torí pé mo wà lórí fóònù kí n wá máa ṣe bí ẹni pé ó ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n kò tún nǹkan gbogbo ṣe, kò sì yẹ kí n fi pamọ́. Iyanrìn ṣì wà lẹ́nu odò. Bàbá mi ṣì wà láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n ní a ò lè wú u. Sẹ́kínà ò sì gbé fóònù mi mọ́. Kò ṣẹ̀ mí ní nǹkan kan, òun ló tiẹ̀ gbé oúnjẹ wá fún wa nígbà ìsìnkú, lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Tí o bá ń ka èyí, Sẹ́kínà, ìwọ ni mo jẹ ní ẹ̀bẹ̀, kì í ṣe bàbá ẹ.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe ara yín ní onílẹ̀ ní gbogbo etí ọ̀sà wa yìí, ẹ rọra. Títì yìí ò tíì pẹ́. Kó tó dé, omi mọ orúkọ gbogbo wa, ó sì mọ bí oníkálukú ṣe rí nígbà tó dé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà tí ẹ ti gbàgbé sí ẹ̀yìn omi, kí ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Tí ẹnì kan bá sì sọ fún yín lọ́jọ́ ọ̀fọ̀ pé ẹ ò ní ibì kan, ẹ má bá a jà lójú ẹsẹ̀. Ẹ lọ wádìí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Àlàájì rán àwọn àgbà sí mi. Wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárín àga, wọ́n ní ó ti darúgbó, ara rẹ̀ ò yá, kí n dárí jì í kó tó pẹ́ jù. Mo fún wọn lómi tútù, wọ́n mu ún. Mo ní mo gbọ́.

Mi ò tíì fún wọn ní èsì kankan. Ẹ̀yin ńkọ́, ká ní ẹ̀yin ni? Tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ nílé yín rí, tàbí tí ẹ bá mọ odò kan tí wọ́n ti fi iyanrìn dí, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí. N ó ka gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi náà, ààyè wà.